Ọjọ́ Mẹ́fà tí ó kù nínú Ọ̀sẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ará ìjọ ní Òṣogbo

Ọ̀nà tí ó wà láàrin Iléṣà tiwa àti Òṣogbo tiyín kò jìn, ó sì ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ti ń rìn ín. Ọ̀rọ̀ tí a gbé gba ọ̀nà náà wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ àdúrà ni, àti àwẹ̀, àti àánú, bí ọmọ ìjọ Áńgílíkà ṣe lè máa ṣe wọ́n láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí kò sí ìwàásù tí kò sì sí akọrin.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dùn wá. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ìsọjí ńlá kan bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni Ọlọ́run lò níbẹ̀. Ọmọ Òdò-Ọwá ni; a bí i ní 1904 sínú ilé àwọn ọmọ ìjọ C.M.S., ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà ni ó sì ń wà fún ìjọba nígbà tí ìpè dé bá a ní 1928. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n gbé omi lọ kí ó lè gbàdúrà sí i, ọ̀pọ̀ sì kó òògùn wọn jáde fún iná. Láti inú iṣẹ́ náà ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ti jáde, èyí tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Àwọn ìjọ tí ó ti wà ní ìlú ṣáájú wò yíká, wọ́n sì rí i pé àwọn àga ti ṣófo.

Kí ó tó di ìgbà náà, ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Saint Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Ìjọ tiwa gan-an ni èyí. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n bọ́ sí òde. Àríyànjiyàn lórí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti lórí òògùn wà nínú rẹ̀, a kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan nínú wa bá sọ pé ìfẹ́ ohun tuntun nìkan ni ó gbé àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ, a kò lè gbà fún wọn. Ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò lè dúró de ọjọ́ Ìsinmi. Bí kò bá sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti ń gbàdúrà nínú yàrá rẹ̀, yóò wá ẹni tí yóò kọ́ ọ.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ohun tí wọ́n lọ wá ní òde wà nínú ilé. Ẹ ṣí Ìwé Àdúrà ti 1662, tí Ìwé Àdúrà Yorùbá wa ti inú rẹ̀ jáde, èyí tí Crowther wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀. Ìwé náà yan Àdúrà Òwúrọ̀ àti ti Ìrọ̀lẹ́ fún ojoojúmọ́, ó sì pàṣẹ kí àlùfáà lu agogo kí àwọn ènìyàn lè wá. Ó pín Sáàmù 150 sí ọgbọ̀n ọjọ́, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ìpín kan kì í sábà gùn ju ìgbà tí ẹ̀kọ fi ń jinná lórí iná. Ó yan Lítánì fún ọjọ́ Ìsinmi, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. (Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí ti sùn nígbà Lítánì rí, ẹ má bi wá ní iye ìgbà.) Ní ti àwẹ̀, ó ka ogójì ọjọ́ Lẹ́ńtì, ó ka ọjọ́ mẹ́ta tí ó ṣáájú Ìgòkè-re-ọ̀run Olúwa, tí a fi ń tọrọ ìbùkún sórí oko, nígbà tí àgbàdo ti ń ga lọ́dọ̀ wa, ó sì ka gbogbo ọjọ́ Ẹtì inú ọdún, àfi bí Kérésìmesì bá bọ́ sí i. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì! Mélòó nínú wa ni ó mọ̀?

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé irú ìkóra-ẹni-níjàánu bẹ́ẹ̀ kò bá ìwà wa mu. Lọ́dọọdún, ní oṣù Kẹjọ, ẹ̀yin ará Òṣogbo ń rí Arugbá tí ó ru igbá lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun láàrin èrò. A kò bá wọn sin ohun tí wọ́n ń sìn. Ṣùgbọ́n ó ń pa èèwọ̀ mọ́ kí ọjọ́ náà tó dé, ó sì ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má bàa kọsẹ̀.

Àwa Ìjẹ̀ṣà pàápàá kò lè fi àìnísùúrù ṣe àwáwí. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó mọ àwọn baba wa ní Òṣómàáló. Wọ́n gbé aṣọ dé ìlú jíjìn, wọ́n tà á ní àwìn, nígbà tí ọjọ́ sì pé, wọ́n lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò dìde títí owó fi bọ́ sí ọwọ́ wọn. Òjò kò lé wọn, èébú kò lé wọn. Ẹni tí ó lè lóṣòó láti àárọ̀ di ọ̀sán nítorí owó aṣọ, kí ni ó dé tí orúnkún fi ń dùn ún kí Sáàmù kan tó parí?

Ṣùgbọ́n ibi tí a fẹ́ràn láti fi Òṣómàáló yangàn yìí gan-an ni Ìwé Mímọ́ ti mú wa. Ní orí 58 ìwé Àìsáyà, àwọn tí ń gbààwẹ̀ bi Ọlọ́run léèrè ìdí tí kò fi kà á sí. Ìdáhùn rẹ̀ le: ní ọjọ́ àwẹ̀ wọn gan-an ni wọ́n ń ni àwọn tí ó wà lábẹ́ wọn lára. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò dáadáa, ẹ̀yin oníṣòwò. Bí a bá fi ebi pa ara wa ní ọjọ́ Ẹtì, tí a sì lọ jókòó ti opó kan lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ náà títí ojú fi tì í níwájú aládùúgbò, àwẹ̀ wo ni a gbà? A kò sọ pé kí ẹ má gba gbèsè yín. Ilé ọjà kò lè dúró bẹ́ẹ̀. A ní kí ẹ mú ìwé gbèsè yín wá síwájú Ọlọ́run pẹ̀lú àdúrà yín, kí ẹ kà á lórí orúnkún, kí ẹ sì wo orúkọ ẹni tí kò ní lè san mọ́ láéláé. Àwa ti ṣe é. Orúkọ méjì ni a pa rẹ́ ní Lẹ́ńtì kan, a sì jẹ́wọ́ pé ó dùn wá ju ebi lọ.

Ẹ má ṣe gbé ẹrù tí ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìpín Sáàmù kan ní òwúrọ̀, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Ìjẹ́wọ́ ní alẹ́, kí a dákẹ́ díẹ̀ kí a tó kà á, kí olúkúlùkù rántí ohun tí ó ṣe ní ọ̀sán. Àti ọjọ́ Ẹtì, kí a fo oúnjẹ kan, kí owó rẹ̀ wà ní ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin, ẹ má dúró de Lẹ́ńtì.

Àwọn kan ti bi wá léèrè nípa aboyún, aláìsàn àti arúgbó. Kí wọ́n jẹun. Ẹni tí dókítà fún ní òògùn tí a ń lò pẹ̀lú oúnjẹ, kí ó jẹun kí ó sì lò ó. Kí wọ́n fi ọjọ́ Ẹtì ṣe ọjọ́ ìbẹ̀wò tàbí ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́. Ní ti owó oúnjẹ tí a fò, kò gbọdọ̀ wọ inú àpò ìjọ, kí a má bàa ka orúkọ ẹnikẹ́ni sókè. Ẹ wo ilé kẹta sí tiyín, ibi tí iná kò jó lónìí, kí ẹ rán ọmọdé lọ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú.