Ohun tó wà lábẹ́ títì, ká tó da ọ̀dà lé e

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí títì tí ìjọba fẹ́ tún ṣe láti gáréèjì dé iwájú ọjà, kí n má sì jẹ́ kó gùn jù. Mo ti gbọ́. Iṣẹ́ ẹnjiníà títì ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n n kò ní fi èdè ẹnjiníà dà yín láàmú.

Mo mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ yín ń dùn. Inú tèmi náà ń dùn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ títì yìí. Ọkọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn, ọkọ̀ tó ń lọ Èkó, kọ̀rọ̀pe, màrúwà, ọ̀kadà, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá níwájú ọjà. Ṣùgbọ́n ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fi han ìgbìmọ̀ wa, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà wà níbẹ̀. Gọ́tà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Iná ojú títì wà níbẹ̀. Páìpù omi kò sí. Ọ̀rọ̀ wáyà kò sí. Orúkọ ẹnikẹ́ni tí ìsọ̀ rẹ̀ máa kúrò kò sí. Ohun tí mo wá bá yín sọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé ibi tó jìnnà díẹ̀. Ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, títì ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Van Ness. Àárín ìlú ló gbà kọjá, bọ́ọ̀sì èrò ń gbabẹ̀ tọ̀sán tòru, ọkọ̀ ìrìn àjò tó ń gba títì 101 náà ń gbabẹ̀. Wọ́n fẹ́ ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì láàárín títì náà, kí wọ́n sì tún gbogbo ojú títì ṣe. Gígùn ibi tí wọ́n fẹ́ ṣe kò ju bíi máìlì méjì lọ. Máìlì méjì péré o! Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, wọ́n ní 2019 ni yóò parí. Ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2022 ni bọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà tuntun náà. Owó tó bá gbogbo rẹ̀ lọ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 346 dọ́là.

Kí ló fà á? Kì í ṣe ọ̀dà. Ọ̀dà rọrùn. Abẹ́ ilẹ̀ ni. Lára páìpù omi àti páìpù ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀, àwọn kan ti wà láti nǹkan bí ọdún 1800 àti díẹ̀. Ìwé sọ pé páìpù wà níhìn-ín. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n bá a lọ́hùn-ún. Wọ́n tún gbẹ́ ibòmíràn, wọ́n bá ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Gbogbo ìgbà tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ á dúró, ẹnjiníà á padà sídìí àwòrán, kọngílá á béèrè owó sí i, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù létí títì á jókòó sínú eruku, kò ní rí oníbàárà. Ní 2021, ìgbìmọ̀ ará ìlú kan tí ilé ẹjọ́ ibẹ̀ máa ń yàn láti yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ìwádìí abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò tó.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn pé San Francisco kì í ṣe ìlú tí kò mọyì omi. Nígbà tí ilẹ̀ mì níbẹ̀ ní 1906, páìpù omi bẹ́, iná sì jó ìlú náà fún ọjọ́ mélòó kan. Létí Van Ness yìí kan náà ni wọ́n ti fi dáínámáìtì wó ilé onílé kí iná má baà ráyè kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ri páìpù ńláńlá mìíràn fún àwọn panápaná nìkan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní bí a bá ti máa ṣí títì yìí, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi ò bá wọn wí lórí ìyẹn. Wọ́n pẹ́, wọ́n sì náwó, ṣùgbọ́n ìpinnu pé kí wọ́n má da ọ̀dà tuntun lé páìpù àtijọ́, ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni. Ohun tó dùn wọ́n ni pé wọn kò mọ ilẹ̀ wọn dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wá padà wálé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Èkó, ẹ mọ bọ́ọ̀sì BRT. Ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008 ló bẹ̀rẹ̀, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Lójú títì Ìkòròdú tó ti wà tẹ́lẹ̀, wọn ò ní láti fẹ ọ̀nà lọ títí. Wọ́n ya ojú kan sọ́tọ̀, wọ́n fi kọnkéré pààlà sí i, bọ́ọ̀sì ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e láti Mile 12 lọ sí Ìkòròdú fúnra ẹ̀, tí ìyẹn wá ṣí ní oṣù kọkànlá 2015, ọ̀rọ̀ yí padà. Títì kéré. Wọ́n ní láti fẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá sì ti fẹ títì, òpó iná á kúrò, páìpù á kúrò, ìsọ̀ á kúrò, ògiri ilé ẹlòmíràn á kúrò.

Owó Báńkì Àgbáyé wà nínú iṣẹ́ Èkó yẹn, Báńkì Àgbáyé sì ní òfin tirẹ̀: kí katapílà tó dé, ẹ ka àwọn tí iṣẹ́ yìí máa kàn, ẹ kọ orúkọ wọn, ẹ díye lé ohun tí wọ́n máa pàdánù, ẹ san owó gbà-má-bínú. Títí kan ẹni tó ń tajà lórí pátákó, tí kò ní ìwé ilẹ̀ kankan. Òfin tiwa kò lọ títí bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ń sanwó ilé àti ohun ọ̀gbìn tó wà lórí ilẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ létí gọ́tà láti ogún ọdún, òfin yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ rí i. Títì tiwa yìí ńkọ́? Kò sí Báńkì Àgbáyé níbẹ̀. Owó ìpínlẹ̀ ni. Bí àwa fúnra wa kò bá kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́, lẹ́yìn tí katapílà bá sì ti kọjá, ta ló máa jẹ́rìí pé ìsọ̀ lágbájá wà níbẹ̀ rí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọ̀dà, torí mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé "ọ̀dà yẹn ò nípọn." Ọ̀dà kọ́ ló ń gbé ọkọ̀. Awọ lásán ni. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n tẹ̀ dáadáa àti òkúta tí wọ́n tẹ́ lé e, àwọn ló ń gbé ọkọ̀. Bí omi bá ti wọ ilẹ̀ pupa yẹn pẹ́nrẹ́n, ó di ẹrẹ̀, ọ̀dà á là, kòtò dé. Ṣé ẹ wá rí i pé gọ́tà ẹ̀gbẹ́ kan kò tó? Omi òjò tó ń ti òkè ààfin bọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì gan-an ló máa ń gbà.

Páìpù omi tó wà lábẹ́ títì ọjà, ayé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ ni wọ́n ti rì í. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n pò mọ́ asbestos ni. Kì í tẹ̀, sísán ló máa ń sán. Bí rólà ńlá bá gùn ún lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó tán. Tí omi bá wá padà dé lọ́jọ́ kan (ẹ má rẹ́rìn-ín, ó lè dé), abẹ́ ọ̀dà tuntun ló máa gbà jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ omi á wá gé títì. Àwọn oníwáyà íntánẹ́ẹ̀tì náà á wá gé tiwọn. Wọ́n á kó erùpẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì bo orí ẹ̀, wọ́n á lọ. Òjò mẹ́ta péré, ibẹ̀ á rì. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é ni kí wọ́n máa da erùpẹ̀ ní ìpele ìpele, kí ìpele kan má ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ, kí wọ́n gún un mọ́lẹ̀ kí òmíràn tó wọ̀ ọ́. Ó ń gba àsìkò, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ṣe é tí ẹnikẹ́ni ò bá dúró tì wọ́n.

Ohun tó máa gbà wá lọ́wọ́ gígé-títì yìí kò wọ́n rárá. Kí kọngílá tó tẹ́ òkúta, kó ri páìpù rọ́bà òfìfo sọdá títì ní oríta kọ̀ọ̀kan, kó dí ẹnu ẹ̀ kí eku má baà wọ̀ ọ́, kó sì sàmì síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fa wáyà sọdá, inú páìpù yẹn ló máa gbà á. Mo rò pé ibí yìí ni kí owó àwọn ẹ̀ka wa lẹ́yìn odi lọ, dípò ẹnu ọ̀nà ìlú tí a fẹ́ kọ "Ẹ Káàbọ̀" sí. Ẹ dárí jì mí o, mo mọ ẹni tó dá àbá ẹnu ọ̀nà yẹn, ọ̀rẹ́ mi ni.

Ibi kan tún wà tí mi ò fẹ́ kọngílá fi ọ̀dà ṣe: ibùdókọ̀ iwájú ọjà. Níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń tẹ bíréèkì, tó ń dúró gbérò nínú oòrùn, tó tún ń fà kúrò, ọ̀dà á máa wọ́ bí àmàlà tó rọ̀. Kọnkéré ló yẹ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kọnkéré fẹ́ sùúrù, ẹ̀yin awakọ̀: ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí ọkọ̀ tó gùn ún, ọjọ́ 28 kó tó gba agbára ẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ ká ti wá ibi tẹ́ ẹ máa ti gbérò fún ìgbà díẹ̀ yẹn, kó má baà di ìjà.

Àwọn kan ti sọ fún mi ní ìkọ̀kọ̀ pé kí n má bínú ìjọba, pé ìdìbò ń bọ̀, pé tá a bá ń béèrè páìpù, wọ́n á gbé ọ̀dà lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wa kò ní sọ pé a ò gba títì. Ohun mẹ́rin la máa béèrè: páìpù omi tuntun kí ọ̀dà tó dé, páìpù òfìfo lójú oríta, gọ́tà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àti orúkọ àwọn ọlọ́jà nínú ìwé iṣẹ́. Tí wọ́n bá fún wa ní méjì nínú ẹ̀, a sàn ju bá a ṣe wà lọ.

Ká tó kọ lẹ́tà, a ní láti mọ ilẹ̀ wa. Nínú gbogbo àwọn tó bá ìjọba ri páìpù ní ìlú yìí, àgbà méjì ló kù tó ṣì lè rìn. Wọ́n mọ ibi tí páìpù gbà, wọ́n mọ ibi tí ẹnu ìtìpa omi wà tí ọ̀dà ti bò. Kò sí àwòrán kankan tó mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti gbà láti bá wa rìn láti gáréèjì dé ọjà ní àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, aago méje, kí oòrùn tó mú. Àwọn ọ̀dọ́ á gbé ọ̀dà funfun àti okùn ìwọnlẹ̀ dání, ẹnìkan á máa ya fọ́tò, akọ̀wé á máa kọ orúkọ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ni ín. Kí ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan dúró ti ìsọ̀ rẹ̀. A ti wá kẹ̀kẹ́ fún àwọn bàbá méjèèjì bó bá rẹ̀ wọ́n lójú ọ̀nà, Ìyálọ́jà sì ní ẹ̀kọ àti àkàrà wà lọ́wọ́ òun.