Ọba Tí Ó Na Ẹ̀yìn fún Pàṣán

Ìtàn ọba ni mo gbé wá lónìí, ọba tí ó bọ́ adé sílẹ̀, tí ó bọ́ bàtà sílẹ̀, tí ó sì na ẹ̀yìn fún pàṣán nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, níbi tí a ti ń ki ọba ní aláṣẹ èkejì òrìṣà, tí arúgbó tí ó bá rí i yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní irọ́ ni mo ń pa. Ṣùgbọ́n ìlú Canterbury, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, ọdún 1174, Henry Kejì sì ni ọba náà.

Inú ìjà òun àti Thomas Becket ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ti wá, n kò sì ní fi ìdí ìjà náà dá yín dúró. Thomas yìí, ọ̀rẹ́ ọba ni, ọwọ́ ọ̀tún ọba ni, ọba fúnra rẹ̀ ni ó sì rí sí i pé ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury ní 1162, kí àwọn méjèèjì tó takú lórí ẹni tí yóò dájọ́ àlùfáà tí ó bá dá ẹ̀ṣẹ̀. Thomas sá lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì padà. Ní ìgbà Kérésìmesì 1170, ọba gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní Normandy, inú bí i, ó la ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ líle kan létí àwọn tí ó yí i ká. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Jagunjagun mẹ́rin kò bèèrè ohun tí kábíyèsí ní lọ́kàn: wọ́n la òkun kọjá, nígbà tí yóò sì fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, wọ́n ti fi idà pa Thomas nínú ilé ìjọsìn rẹ̀ gan-an.

Ó di 1173, Póòpù kéde Thomas ní ẹni mímọ́. Lọ́dún kan náà, àwọn ọmọ tí ọba bí nínú ara rẹ̀ dìde ogun sí i, ọba Scotland náà sì dára pọ̀ mọ́ wọn. Láàárín ogun yìí ni Henry gba Canterbury lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bá a rìn díẹ̀díẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Dunstan Mímọ́, lẹ́yìn odi ìlú, ó bọ́ bàtà, ó wọ aṣọ ìrònúpìwàdà, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán wọ ìlú lójú gbogbo ayé, títí ó fi dé yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin Thomas sí, tí ó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Gilbert Foliot, Bíṣọ́ọ̀bù London, tí òun gan-an ti jẹ́ alátakò Thomas, ni ó gba ẹnu ọba sọ̀rọ̀: ọba kò pàṣẹ ikú yìí, ṣùgbọ́n ó gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni ó fà á, ó sì ń tọrọ ìdáríjì. Lẹ́yìn èyí ni pàṣán dé. Àwọn akọ̀wé ìgbà náà ní bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan nà án ní ẹgba 5, àwọn mọ́ńkì tí iye wọn lé ní 80 sì nà án ní ẹgba mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀! Ní tèmi o, mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn rọra fi kàn án ni, nítorí ta ni yóò fi gbogbo agbára na ọba tán, tí yóò sì sùn fọnfọn lóru? Ọba ni kò sùn: orí ilẹ̀ lásán ni ó wà mọ́jú, láìjẹun.



Ẹnìkan yóò bi mí pé: bí ẹ̀jẹ̀ Jésù bá ti ṣe ètùtù ẹ̀ṣẹ̀ aráyé lórí àgbélébùú, kí ni pàṣán tún ń wá? Ohun tí ìjọ ìgbà náà ń kọ́ni ni pé Ọlọ́run ni í dárí jini, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣẹ̀ ní láti fi ara rẹ̀ jìyà, kí ìrònúpìwàdà rẹ̀ lè hàn. Ní 1517, Martin Luther, mọ́ńkì ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìjọ náà jiyàn lórí irú nǹkan báyìí. Lóde òní, a ti wá sọ ìrònúpìwàdà di ìrọ̀rùn: ẹni tí ó kó owó ìlú jẹ yóò dá aṣọ ẹbí, yóò gbé ìlù wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, yóò jó dé iwájú pẹpẹ fún ìdúpẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè owó náà. Bí ó bá tilẹ̀ tọrọ àforíjì, “bí mo bá ṣẹ ẹnikẹ́ni” ni yóò wí.

Henry kò sọ “bí mo bá ṣẹ”. Lóòótọ́, ó ṣì ń gbèjà ara rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìka kan ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 13, ọwọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ ọba Scotland ní Alnwick, ni gbogbo ayé bá ń wí pé Ọlọ́run ti dárí jì í. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí ìṣẹ́gun bá jẹ́ àmì ìdáríjì, kí ni a ó wí sí ti 1189, tí Richard ọmọ rẹ̀ ṣẹ́gun rẹ̀, tí Henry sì fi ìbànújẹ́ kú ní Chinon? Ẹni tí ó bá ń wá ìdáríjì, kí ó kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà bí ó ti rí, kí ó sì fi èyí tí ó kù sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ìbáà mú ogun wá, ìbáà mú àlàáfíà wá.