Ọ̀RỌ̀ ADMIN: KÍ WỌ́N TÓ PÀÀRỌ̀ ORÚNKÚN (a kọ ọ́ láti inú voice note)

Admin yín ni. Ẹni tí kò ráyè gbọ́ voice note, kó ka eléyìí.

Gbogbo wa la ti gbọ́ pé ìyá wa tó ń ta aṣọ ní Kwari fẹ́ lọ pààrọ̀ orúnkún. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ ọ́ síbí. Àtìgbà tọ́rọ̀ ọ̀hún ti jáde, ẹnì kan ní kí wọ́n má lọ, ẹlòmíì ní àgbo kan wà nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ á sọ òótọ́. Ohun tó wà láàárín egungun méjèèjì bíi tìmùtìmù ti jẹ tán, egungun wá ń ha egungun. Kò sí àgbo tó lè hu òmíì síbẹ̀. Dókítà á gé ojú egungun tó bàjẹ́ kúrò, á fi irin àti ike líle dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa ń lò tó ọdún 15 sí 20. Àmọ́ ẹni tí kò bá múra sílẹ̀, iṣẹ́ dókítà nìkan ò lè tó o.

Àkọ́kọ́, òògùn. Ẹ kó gbogbo èyí tí ẹ ń lò sínú nylon kan, ẹ gbé e fún dókítà: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ṣúgà, aspirin, àgbo, àti èyí tí wọ́n ń ṣà pọ̀ fún wa ní kẹ́míìsì. Ẹ má tijú. Nínú àṣàpọ̀ yẹn, prednisolone tàbí dexamethasone lè wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lò ó pẹ́, tó wá dá a dúró lójijì, ó lè dákú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Aspirin àti àwọn àgbo kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Dókítà ló máa sọ èyí tí ẹ máa dá dúró àti ọjọ́ tí ẹ máa dá a dúró. Ẹ má fúnra yín ṣe é.

Èkejì, ẹ wo ara yín láti òkè délẹ̀. Eyín tó ti kẹ̀, egbò ẹsẹ̀, eéwo, ìtọ̀ tó ń ta yín, ẹ tọ́jú ẹ̀ kọ́kọ́. Kòkòrò ibẹ̀ lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá irin tuntun. Tó bá ti jókòó síbẹ̀, wọ́n lè ní láti yọ irin náà. Ṣúgà gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ẹni tó ń mu sìgá, kó jáwọ́. Ẹni tó bá jẹ́ SS, tó jẹ́ ìgbáròkó ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀ fún un, kó tètè sọ fún wọn, torí ìmúrasílẹ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀kẹta, ibo lẹ ti fẹ́ ṣe é? Ọ̀rọ̀ àwa tá a wà lẹ́yìn odi nìyí. Dala wà ní Kánò níbí, Igbóbì wà l'Ékòó. Ibi yòówù tí ẹ bá mú, ibẹ̀ lẹ máa dúró sí, torí wọ́n á máa yẹ ojú ọgbẹ́ wò, físíò á sì máa fa ẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣe iṣẹ́ abẹ lónìí kí ẹ wọ mọ́tò Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àjókòópẹ́ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀, kó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn ń pa èèyàn.

Ẹ̀kẹrin, ilé. Ṣáláńgá táà ń lóṣòó sí ò ṣeé lò mọ́. Káfíńtà lè kan àga tó nihò láàárín. Ẹ ká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀, ẹ wá àga gíga tó lápá, kí ẹnì kan sì máa sùn tì yín. Orúnkún tuntun kì í fẹ́ ìkúnlẹ̀. Ẹ sọ fáwọn àna yín ṣáájú, kí wọ́n má bàa pè é ní ìgbéraga. Ẹ kírun lórí àga, ẹ gbàdúrà lórí àga, Ọlọ́run ń gbọ́.

Láti ìsinsìnyí, ẹ na ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ka ení dé àrún, ẹ sinmi. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láàárọ̀ àti lálẹ́. Itan tó lágbára ló ń gbé orúnkún tuntun. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é tàbí ọjọ́ kejì, wọ́n á ní kí ẹ dìde. Á dùn yín, ẹ dìde náà.

Owó ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé: irin, tíátà, bẹ́ẹ̀dì, òògùn, físíò. Ṣọ́ọ̀bù lè wà lọ́wọ́ ẹlòmíì fún oṣù mẹ́ta, ẹ kọ àwọn onígbèsè sílẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé. Ọsibítù fẹ́ ẹni tó máa fún ìyá wa lẹ́jẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì jìnnà. Ẹ̀yin ọkùnrin tára yín le, ẹ pè mí kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó lè máa bá wọn ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ pè mí. Ẹ má fi àgbo sórí group mọ́ títí wọ́n á fi dé. Àwa la ó lọ, àwa la ó bọ̀.