Laptop tòkunbọ̀ tó ń falẹ̀: ta ló yẹ kó tún un ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé ní Àgbowó ló kọ̀wé sí mi: "Bọ̀dá, laptop mi ń lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó tàn. Oṣù méjì péré ni mo ra á. Ẹni tó tà á ní wọ́ráńtì ti parí, project mi sì wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n ra òmíràn ni?"

Àbúrò mi, má tíì ra nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ wọ́ráńtì, torí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Láti iwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn títí dé Dùgbẹ̀, gbogbo ọlọ́jà ló ń pe "wọ́ráńtì", ṣùgbọ́n nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Àkọ́kọ́ ni ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ tà á ní tuntun ló ti ń ka ọjọ́. Ó sábà máa ń jẹ́ ọdún kan. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì ńlá lè ní tó ọdún mẹ́ta. Tí ilé iṣẹ́ kan ní London bá ti lo laptop fún ọdún mẹ́rin kó tó wọ kọ̀ǹténà wá sí Èkó, wọ́ráńtì yẹn ti kú sí òkè òkun. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: ẹ dojú ẹ̀rọ bolẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà serial rẹ̀, èyí tí Dell ń pè ní service tag, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Inú ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti ṣe é o, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìkejì ni ti ọlọ́jà fúnra rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, tó fi ẹnu lásán sọ. Òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, ní kí ọlọ́jà fún yín ní rìsíìtì, kó sì jẹ́ kó hàn pé àlòkù ni ohun tó ń tà. Àjọ náà ti sọ ní gbangba pé àkọlé "a kì í dá owó padà" kò gba ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ yín tí ọjà bá ní àbùkù. Èyí ò ní kí ẹ gbé èyí tí ẹ da tíì sí padà lọ bá wọn o! Ṣùgbọ́n ẹ ní kó kọ serial, ìwọ̀n RAM, irú disk, iye ọjọ́ wọ́ráńtì, àti bóyá bátìrì àti ojú ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Rìsíìtì tí wọ́n kọ "laptop 1" sí, ẹ̀pà ni kí ẹ fi pọ́n.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ lo ẹ̀rọ náà dáadáa. Ẹ jẹ́ kí fídíò ṣeré fún wákàtí méjì, ẹ dán gbogbo ojú ihò USB wò. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Yóò sọ iye tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó ń gbà báyìí. Tó bá ti dín sí ìdajì, ẹ tètè gbé e padà.

Ó wá ku fífalẹ̀. Lójú tèmi, hard disk ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ṣí Task Manager: tí disk bá wà ní 100% nígbà tí ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan, òun nìyẹn. Hard disk àtijọ́ ń ka nǹkan bíi 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD tó ń lo SATA lè ka 500MB. Kò sí àtúnṣe mìíràn tí ẹ máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀ tó yẹn. Lẹ́yìn náà ni RAM, láti 4GB sí 8GB, ṣùgbọ́n DDR3 ò wọ ojú ihò DDR4. Tí fáànù bá ń pariwo bíi jẹnẹrétọ̀, eruku ọyẹ́ ló ti dí i. Kí ẹnjinníà gbọ̀n ọ́n, kó pààrọ̀ ọ̀rá tó wà lórí ọpọlọ ẹ̀rọ. Ẹ sì yé gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì.

Àbúrò, kí wọ́n tó tú tìrẹ, da project yẹn kọ sórí flash, kó o sì tún fi ránṣẹ́ sí email ara rẹ. Ojú rẹ ni kí wọ́n ti tú u, kó o sì gba disk àtijọ́ padà.

Ẹ̀yin tó sì fẹ́ rà, ẹ fetí sílẹ̀. Ní October 14, 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ gbogboogbò dúró lórí Windows 10. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 àti, tó bá jẹ́ Intel, ìran kẹjọ sókè. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5: 6300U, ìran kẹfà nìyẹn, 8350U, ìran kẹjọ. Tí ọlọ́jà bá ń pe owó ìran kẹjọ lé ìran kẹfà lórí, ẹ ní kó já a wálẹ̀. Tó bá kọ̀, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.