Bíléèdì Kì Í Dédé Kán: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba lórí Ayùn Irin ní Kàdúná

Ìlú Kàdúná, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rọ ohun ìjà, DICON, ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1964, tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ Peugeot láti ọdún 1975, tí ọjà Panteka sì kún fún wẹ́dà àti alágbẹ̀dẹ, kì í ṣe ìlú tí àlejò lè wá kọ́ ní orúkọ irin. Nítorí náà, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò ní gba àkókò. Báńdísọ̀ ni ẹ̀rọ ayùn tí bíléèdì rẹ̀ jẹ́ ọ̀já irin eléyín tí wọ́n jó orí rẹ̀ mọ́ ìdí, tó ń yí po lórí kẹ̀kẹ́ irin méjì. Gáìdì ni ohun tó ń di ọ̀já náà mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó ti ń gé irin. Iye eyín sì ni iye tó wà nínú íńṣì kan.

Àríyànjiyàn àtijọ́

Àwọn kan gbà pé bí bíléèdì tuntun bá ti kán tàbí tí eyín rẹ̀ bá ká, ayédèrú ni ọlọ́jà tà. Àwọn kejì gbà pé wọn kò fa ọ̀já náà le tó, wọ́n á sì máa fà á títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dún bíi gòjé. Lóòótọ́ ni ayédèrú wà lọ́jà, lóòótọ́ sì ni ọ̀já tó dẹ̀ kì í gé irin gún, ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí pé nínú ẹjọ́ méjèèjì, kò sẹ́ni tó bi irin tí wọ́n ń gé léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni páìpù onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣe géètì, èyí tí ògiri rẹ̀ lè má nípọn ju 2 mm lọ. Bí iye eyín bá jẹ́ 6, àlàfo láti eyín kan dé ìkejì ju 4 mm lọ, ògiri páìpù yóò sì há sáàárín wọn bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ṣe ń há sínú ọgbà. Eyín tó ń bọ̀ yóò fi gbogbo agbára mọ́tò gbá a, yóò ká, èyí tó tẹ̀ lé e yóò gbé ẹrù eyín méjì, òun náà yóò ká, títí ẹnu ọ̀já yóò fi dà bí ẹnu arúgbó. Bí iye eyín bá jẹ́ 14, àlàfo náà kò tó 2 mm, irin kò sì ráyè há. Ìlànà gbogbogbòò ni pé kí eyín mẹ́ta, ó kéré tán, wà nínú irin lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí ògiri bá fẹ́lẹ́ débi tí èyí kò ṣeé ṣe, eyín wẹ́wẹ́ àti ọwọ́ fúyẹ́ ni àbò. Ọ̀pá irin tó nípọn ní íńṣì 4 kò fẹ́ eyín 14 bẹ́ẹ̀, nítorí pé eyín 56 ni yóò wà nínú rẹ̀ pa pọ̀, èérún yóò sì dí àlàfo wọn.

Àwọn tó ń pe èyí ní ọ̀rọ̀ ìwé lásán ti gbàgbé pé àwọn àgbà tó fọwọ́ fa ayùn irin mọ̀ pé eyín 18 ni ti ọ̀pá, pé 32 ni ti páànù. Ọwọ́ ló ń sọ fún wọn bí irin bá há; ọ̀dọ́ tó tẹ bọ́tìnnì tán, tó wá gbójú sórí fóònù, kò lè gbọ́ igbe eyín àkọ́kọ́.

Èérún irin

Èérún tó lọ́ kóro, tí kò sì jóná, ń fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa; èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun ń sọ pé eyín kàn ń ra irin ni, ohun tó ń mú irin tí kì í dípẹtà túbọ̀ le; èyí tó nípọn tó sì jóná ń sọ pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tàbí eré ti pọ̀ jù.

Ìyókù ní ṣókí

Bí ojú gígé bá wọ́, gáìdì lè jìnnà sí irin, tàbí kí eyín ti kú lápá kan. Bí sísán bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọ̀já, gáìdì ẹ̀yìn ló yẹ ní yíyẹ̀ wò. Bíléèdì tuntun kò gbọdọ̀ wọ ojú àpá tí bíléèdì àtijọ́ ti gé sílẹ̀. Bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n gbé ọ̀já sókè kí iná tó dé.

Ọlọ́jà tó ń béèrè gígùn bíléèdì nìkan kò tíì béèrè nǹkan kan; irin tí oníbàárà fẹ́ gé ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè.