Oníkẹ̀kẹ́ Tó Di Aṣèférémù

 

Àwa tí a dàgbà sáàárín àwọn òkè Iresi mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ìṣeré. Ta ni kò tíì sọ̀kalẹ̀ ti Raleigh bàbá rẹ̀ gun òkè rí, tòun ti iṣu lẹ́yìn? Nítorí náà la ṣe mú ọ̀rọ̀ oníkẹ̀kẹ́ kan wá.

Ernesto Colnago lorúkọ rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, wọ́n bí i ní 1932 ní Cambiago, lẹ́bàá Milan ní Ítálì. Láti kékeré ló ti wọ ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Gloria láti kọ́ṣẹ́, ó sì ń sáré ìje. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú nínú ìdíje, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Kàkà kó dùbúlẹ̀ máa ka igi àjà, ó ní kí wọ́n máa kó ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wá bá òun nílé, ó ń to sípóòkù wọn. Iṣẹ́ ilé yẹn ló là á lójú. Ní 1954 ó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá kékeré kan, ó ń ṣe férémù. Ẹni tó ti sáré ìje rí ló mọ ibi tó ti ń dun oníkẹ̀kẹ́. Ní 1972, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni Eddy Merckx gùn ní Mẹ́síkò tó fi rin kìlómítà 49.431 ní wákàtí kan. Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún kò tó kílò 6. Iṣu méjì tiwa lè wúwo jù ú lọ!

Ẹ má wí pé Òyìnbó ni. Ní Kumasi, ní Gánà níbí, Bernice Dapaah dá Ghana Bamboo Bikes Initiative sílẹ̀, níbi tí ọ̀dọ́ àti obìnrin ti ń fi ọparun ṣe férémù. Ọparun gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó má baà là, kí wọ́n tó fi okùn tí wọ́n rì sínú gúlúù líle di oríkèé rẹ̀.

Ọparun wà létí odò tiwa náà. Àwọn bíríkìlà nìkan la ń gé e fún. Àwọn ọmọ wa ń lọ gun ọ̀kadà l'Ékòó. Bí ẹsẹ̀ bá kán, ilé ni wọ́n ń bọ̀, kò sì sí iṣẹ́ tí a lè gbé bá wọn lórí ẹní.

Àwọn kan nínú wa ní kí a kọ́kọ́ parí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Gbọ̀ngàn dára, ṣùgbọ́n ó lè dúró dè wá lọ́dún kan. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ààyè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó jọ̀wọ́ bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ kí a tó túká.