Àwọn Àgbà Wa Tí Ọmọ Wọn Wà Lókè Òkun
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

Wọ́n ní kí àwa tí a lọ sí Lánlátẹ̀ wá jíṣẹ́ ohun tí a rí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ̀ wá lára.

Ẹni tí a lọ kí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ti ẹ̀ka wa yìí fẹ̀yìn tì. Bí a kò bá dárúkọ rẹ̀, ẹ má bínú, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a má dá a. Ní àdúgbò, Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pè é, Ìyá Ìbejì sì ni ìyàwó rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun ìyanu ní ilẹ̀ Ìbàràpá, tí Igbó-Ọrà ti gba orúkọ káàkiri ayé nítorí ìbejì. Ọ̀kan nínú ìbejì náà, èyí obìnrin, wà ní London, iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ló ń ṣe níbẹ̀. Èyí ọkùnrin wà ní Houston ní Amẹ́ríkà. Àbúrò wọn kan ṣoṣo wà ní Kánádà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí pé Lánlátẹ̀ yìí kan náà ni ìjọba gbé àwo ńlá sí ní ọdún 1971, èyí tó kọjú sókè tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà náà, bí ẹni tó wà ní Èkó bá fẹ́ bá ẹni tó wà ní London sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lè gba Lánlátẹ̀ kọjá kó tó gòkè lọ. Ẹ wá wò ó: ohùn àwọn ẹlòmíràn ń gba orí ilé Bàbá Ìbejì kọjá, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ tirẹ̀ kọ́kọ́ lọ ní 1988, lẹ́tà ló ń dúró dè. Lẹ́tà á lo oṣù kan, nígbà mìíràn méjì. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kásẹ́ẹ̀tì rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Ìyá Ìbejì á gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú rédíò, á sì máa dá a lóhùn bí ẹni pé ọmọ náà ń gbọ́. NITEL gba àwo náà ní 1985, NITEL pàápàá sì ti kógbá sílé. Fóònù alágbèéká tó dé ní 2001 ló tó jẹ́ kí ìyá àti ọmọ máa sọ̀rọ̀ nígbàkigbà.

Lónìí, wọ́n ń rí ojú ara wọn nínú fóònù. Ìyá Ìbejì kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ aago ìlú mẹ́ta ju àwa lọ. Ó ní bí aago méje àárọ̀ bá lù ní Lánlátẹ̀ nígbà ọyẹ́, aago méjìlá òru ni ní Houston, nítorí náà òun kì í pe ọmọ yẹn títí àwọn á fi jẹ ọ̀sán tán. Bàbá ní tirẹ̀ ń jí láago márùn-ún. Ara rẹ̀ kò tíì gbàgbé fèrè ilé iṣẹ́. Á lọ wo ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí rẹ̀ lóko, á padà kí oòrùn tó mú. Ìyá á máa bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi. Yàrá mẹ́rin ni àwọn ọmọ kọ́ fún wọn, mẹ́ta wà ní títì pa. Lọ́jọọjọ́ Sátidé, Ìyá á ṣí wọn, á gbá wọn, á sì tún tì wọ́n. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ tó dára, ṣùgbọ́n apá Bàbá kò ká okùn rẹ̀ mọ́, ọmọ aládùúgbò ló ń bá wọn fà á. Bí ọmọ náà bá lọ sí ibi ìkọ́ṣẹ́, inú òkùnkùn ni wọ́n ń wà.

Nígbà tí ìyàwó ti Houston bímọ, wọ́n ní kí Ìyá wá wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́fà ló lò lọ́hùn-ún. Oṣù mẹ́fà náà, gàrí ni Bàbá ń mu. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Houston ni ọmú ọ̀hún wà.

Ní òru ọjọ́ kan lásìkò òjò, Bàbá kò lè tọ̀ mọ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ìtọ̀ náà ti ń kán tó tó, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. (Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ẹ ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru láti lọ tọ̀, ẹ má tijú, ẹ lọ rí dókítà.) Ikùn rẹ̀ le bí ìlù. Ìyá pe London, kò sí ẹni tó gbé e. Ọmọ náà wà níbi iṣẹ́ òru, ó ń yí bàbá ẹlòmíràn nípò lórí ibùsùn, fóònù rẹ̀ sì wà nínú àpò lọ́nà jíjìn. Ó pe Houston. Aago kan òru ni ní Lánlátẹ̀, aago méje alẹ́ ni lọ́hùn-ún. Ọmọ gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sì pẹ́ tí owó fi wọlé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wọn gba owó láago kan òru? OníPOS ti tilẹ̀kùn. Ìyá sọ fún wa pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, owó dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Èèyàn ni kò dé."

Ẹni tó dé ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa Micra ní àdúgbò. Ìyá kígbe láti ojú fèrèsé, ó sì jáde. Òun ló gbé Bàbá sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wà á lọ sí ilé ìwòsàn ní Èrúwà, níbi tí wọ́n ti fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà jáde. (Èrúwà yìí ni Dókítà Oluyombo Awojobi, tó kú ní 2015, fi ìlú ńlá sílẹ̀ wá jókòó sí láti máa ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn ará oko. Kò wọ́pọ̀ mọ́.) Awakọ̀ náà dúró títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì pàdánù ìlà rẹ̀ ní gáréèjì. Nígbà tí àwọn ọmọ pè láti bi èló ni wọ́n jẹ ẹ́, ó ní owó epo nìkan.

Àwọn kan wà nínú wa tó máa ń sọ pé àwọn ọmọ òkè òkun ti gbàgbé ilé. A kò fara mọ́ ọn. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ìjọba Britain ti sọ pé ẹni tó bá wá ṣe iṣẹ́ títọ́jú arúgbó níbẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ dání mọ́. Bí wọn kò bá gbà kí ó mú ọmọ tó bí dání, ṣé ìyá rẹ̀ ni yóò mú? Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. Ó ń ta agbára rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rà á.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì wọ inú rẹ̀. Nígbà tí Bàbá ń ṣiṣẹ́, àpò NPF tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1961 ni wọ́n ń kó owó rẹ̀ sí, ẹ̀ẹ̀kan ló gbà á, ó sì tán. Bí ó bá ní owó tirẹ̀ tó ń wọlé lóṣooṣù, ì bá gba ẹnì kan sílé. Òfin tí a ń lò báyìí dé ní 2004, wọ́n tún un ṣe ní 2014: wọn yóò yọ 8 nínú 100 lára owó yín, ọ̀gá ilé iṣẹ́ yóò fi 10 kún un. Ẹ béèrè ìwé ìṣirò yín. Bí wọ́n bá ń yọ ọ́ tí kò dé ibi tó yẹ kó dé, ẹ wá sọ fún wa kí ó tó di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò lágbára. Kí akọ̀wé kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́ka wa, ìlú tí oníkálukú wà, àti nọ́ńbà aládùúgbò kan tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn lóru. Kí àwọn awakọ̀ wa tó ń na ọ̀nà náà máa yà kí wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ẹ̀yin tí ọmọ yín sì wà lókè òkun, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń fa okùn jẹnẹrétọ̀. Òun ni ọmọ tó wà nílé.

Ẹni tí yóò wa ọkọ̀ lọ sí Èrúwà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó rí wa lẹ́yìn ìpàdé. Ìyá Ìbejì ní kí a bá òun ra bátìrì rédíò mẹ́rin, àwọn ńlá.